Owó wọlé, a ò mọ ẹni tó san án: báwo lẹ ṣe ń mú ìwé yín bá ti báńkì mu?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà akọ̀wé owó, ẹ gbà mí o. Owó kan bọ́ sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, 75,000 géérégé. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti oníbàárà wa kankan, ohun tí mo sì rí lórí áàpù báńkì kò ju "owó ọjà" lọ. Oníbàárà méjì ló jẹ wá ní 75,000. Ọ̀gá mi ní kí n fi pa gbèsè tó pẹ́ jù rẹ́, kí n yéé yọ ara mi lẹ́nu. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n má fọwọ́ kàn án rárá. Oṣù ti parí, yàtọ̀ sí 75,000 yẹn, ìwé mi àti ti báńkì ṣì fi 180 yàtọ̀ síra. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án kò ní kí owó náà má sí nínú ìwé yín. Ó ti wọ báńkì, ó gbọ́dọ̀ wọ ìwé lọ́jọ́ tó wọlé. Ibi tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí ni àríyànjiyàn wà. Ẹ ṣí àkáǹtì kan sọ́tọ̀ nínú ìwé yín fún owó tí a ò tíì mọ ẹni tó san án, èyí tí àwọn oníṣirò ń pè ní suspense. Ẹ kọ 75,000 síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé, ẹ sì da gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà tí báńkì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má bá wọn tún un ṣe. Iye tó wà ní báńkì àti iye tó wà nínú ìwé yín á dọ́gba ní apá ibẹ̀ yẹn, gbèsè àwọn oníbàárà méjèèjì á sì wà bó ṣe wà.

Ọ̀gá yín náà ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Àṣà pé kí á fi owó pa gbèsè tó pẹ́ jù rẹ́ wà lóòótọ́ nínú iṣẹ́ owó. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ gbèsè lọ́nà púpọ̀, tó san owó láìsọ èyí tó ń san, ló wà fún. Ẹ ti mọ ẹni tó san nígbà yẹn. Ínfọ́ìsì (ìwé tẹ́ ẹ fi béèrè owó ọjà) wo ló san fún ni ẹ ò mọ̀. Níbi tẹ́ ẹ wà yìí, ẹni náà gan-an lẹ ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi pa gbèsè ẹni àkọ́kọ́ rẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kejì ló san, ẹni àkọ́kọ́ kò ní pariwo, kí ló fẹ́ pariwo fún? Ẹnì kejì ni ẹ ó kọ lẹ́tà gbèsè sí, ẹni tó ti sanwó tí rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oníbàárà gidi ṣe ń lọ nìyẹn.

* * *

Mo rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí ìbéèrè yìí ń sọ ni pé kó wo orúkọ tó wà lára owó náà. Mi ò bá yín lọ síbẹ̀. Orúkọ tó wà lára owó ni orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì tí owó ti jáde, ìyẹn ò sì sọ gbèsè ta ni wọ́n fẹ́ san. Ọkọ a máa san fún ìyàwó. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ á fi àkáǹtì ara rẹ̀ san, ilé iṣẹ́ á wá dá a padà fún un. Iye owó ṣòroó gbára lé ju orúkọ lọ pàápàá, àgàgà níbi tí iye ọjà kì í ti í yí padà. Tó bá jẹ́ 75,000 ni gbogbo èèyàn ń san, kí ni 75,000 fẹ́ sọ fún yín?

Nọ́ńbà ìtọ́kasí, èyí tí báńkì ń pè ní reference, ló ń dá owó mọ̀. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹyọ kan. Báńkì ẹni tó fi owó ránṣẹ́ á fún un ní nọ́ńbà tiẹ̀, ìlà tó so àwọn báńkì pọ̀ á fún un ní òmíràn, báńkì tiyín náà á tún lẹ tiẹ̀ mọ́ ọn. Oníbàárà á ka nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì rẹ̀ fún yín, ẹ ó wá a títí nínú sítétímẹ́ǹtì yín, ẹ ò ní rí i, ẹ ó sì rò pé irọ́ ló ń pa. Kò parọ́. Nọ́ńbà báńkì tiẹ̀ ló ń kà. Èyí tẹ́ ẹ máa ní kó fi ránṣẹ́ ni ti ìlà tó so báńkì pọ̀, torí òun ni báńkì méjèèjì ní lọ́wọ́. Ní ti owó tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn lórí SWIFT, ìlà tí àwọn báńkì àgbáyé fi ń ránṣẹ́ síra wọn, UETR ni wọ́n ń pè é. Àyè 36 ló gbà, tí a bá ka àmì dáàṣì (-) inú rẹ̀ mọ́ ọn, kì í sì í yí padà láti báńkì àkọ́kọ́ títí dé ti ìkẹyìn, bó ti wù kí báńkì tó wà láàárín pọ̀ tó.

Ẹ wo ìlà kan, irú èyí tí mo máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́:

14/03 TRF 75,000.00 000417 OWO OJA INV 20

Ẹni tó bá kánjú á lọ máa wá ínfọ́ìsì 20. Kò sí ínfọ́ìsì 20 níbẹ̀. 2041 ni oníbàárà tẹ̀, àyè tí áàpù fi ń hàn án ló tán. Nítorí náà, ẹ má dúró lórí ohun tẹ́ ẹ rí lójú fóònù. Ẹ gba fáìlì sítétímẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ báńkì. Nínú fáìlì MT940, irú fáìlì sítétímẹ́ǹtì kan tí àwọn báńkì ń lò, ìlà :61: ló ń gbé ọjọ́ àti iye owó, ìlà :86: ló ń gbé àlàyé, ó sì gba ìlà mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè 65. Nínú camt.053 tó ń rọ́pò rẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀: orúkọ ẹni tó san wà lọ́tọ̀, nọ́ńbà tí ẹni tó san án fi sí i fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀ ní àyè 35, àlàyé wà lọ́tọ̀ ní àyè 140. Ó ti ṣojú mi rí pé owó tí wọ́n ń pè ní aláìlórúkọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nọ́ńbà ínfọ́ìsì rẹ̀ ti wà nínú fáìlì látọjọ́ tó ti dé. Kò sẹ́ni tó ṣí i ni.

* * *

Sí ẹni tó ní "ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́, ó parí": kò parí o. Àwòrán rìsíìtì kì í ṣe owó, alẹ́ẹ̀tì orí fóònù náà kì í ṣe owó. A lè fi kọ̀ǹpútà tún àwòrán ṣe, ẹnikẹ́ni sì lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báńkì ránṣẹ́. Ìwúlò àwòrán ni pé nọ́ńbà ìtọ́kasí wà lórí rẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi wá owó nínú sítétímẹ́ǹtì. Ẹ kà á bí olobó, ẹ má kà á bí ẹ̀rí.

* * *

Ẹnì kan fi ṣàwàdà pé Excel, áàpù tí a fi ń ṣírò, ló ń ba nọ́ńbà wa jẹ́. Kì í ṣe àwàdà lójú tèmi. Mo gbà pé ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ jù lọ láìsí ẹni tó fura nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Báńkì fún yín ní fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín sí òpó-òpó, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel ṣí i. Nọ́ńbà ìtọ́kasí gùn, kò sì ní lẹ́tà kankan nínú, ni Excel bá rò pé iye owó ni. Excel kì í tọ́jú ju nọ́ńbà 15 lọ nínú iye kan. Gbogbo èyí tó bá wà lẹ́yìn ìyẹn ló ń sọ di òdo, á sì kọ ọ́ síwájú yín bíi 4.17203E+19. Tó bá jẹ́ òdo ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà, á gé òdo ọ̀hún sọnù, 000417 á di 417. Tẹ́ ẹ bá wá fi fáìlì náà pamọ́ bẹ́ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, kò sí ìdàpadà.

Ẹ tún rò ó síwájú. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ìtọ́kasí ló jẹ́ pé kóòdù báńkì àti ọjọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìparí rẹ̀ nìkan ló ń ya owó kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ìparí yẹn gan-an ni Excel sọ di òdo. Owó bíi márùn-ún tó wá láti báńkì kan náà lọ́jọ́ kan náà á wá ní nọ́ńbà kan náà lójú kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá ní kó yọ èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì kúrò, á yọ mẹ́rin dànù, owó tó wọlé ní tòótọ́ ni o.

Ẹ má tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣí Excel òfìfo, ẹ lọ sí Data, ẹ mú fáìlì náà wọlé látibẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé Text ni òpó nọ́ńbà ìtọ́kasí. Òpó nọ́ńbà àkáǹtì náà, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

* * *

180 ńkọ́? Mo rí àwọn tó ní kó kọ ọ́ dànù torí pé ó kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì rí 180 tó jẹ́ ọmọ bíbí inú 45,000 rí. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti kọ 45,000 tó wọlé, tẹ́ ẹ tún gbàgbé láti kọ 44,820 tó jáde, 180 péré ló máa hàn. Ìyàtọ̀ tó kéré kò ní kí àṣìṣe tó wà nídìí rẹ̀ kéré.

Ẹ fi 9 pín in ná: 20 géérégé, kò ṣẹ́ kù. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá ṣeé fi 9 pín, ẹ kọ́kọ́ fura pé ẹnì kan gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn, ó fẹ́ kọ 5,420, ó kọ 5,240. Tí kò bá sí ìyẹn, ẹ dá 180 sí méjì, ẹ wá 90. Owó 90 tí wọ́n kọ sí apá tó jáde dípò apá tó wọlé máa ń mú 180 wá. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ wo owó iṣẹ́ báńkì. Ó lè kàn jẹ́ owó alẹ́ẹ̀tì oṣù kan tí kò sẹ́ni tó rántí kọ, iye tí 9 sì pín kì í ṣe ẹ̀rí, àmì lásán ni. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tò ó ní ìlà-ìlà, ìlà báńkì kan sí ìlà ìwé kan, kẹ́ ẹ máa fàmì sí i. Ó ń súni, mo mọ̀.

* * *

Ẹnì kan béèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe tí oníbàárà bá fi 1,000 ránṣẹ́ láti òkè òkun tó sì jẹ́ 985 ló dé. Àríyànjiyàn ibí yìí ò ní tán láéláé. Ẹ lọ wo àṣẹ tó fi rán an, kóòdù tó ń sọ ẹni tó ru owó iṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀. OUR ni pé ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ru gbogbo owó iṣẹ́. BEN ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà á lẹ ru ú. SHA ni pé kálukú ru ti báńkì tiẹ̀, báńkì àárín sì lè bù tiẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tí àdéhùn yín bá ní kó san 1,000 pé, 15 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tí àdéhùn bá dákẹ́, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ kọ pé ó san 1,000, kẹ́ ẹ sì kọ 15 sí ìnáwó báńkì, ní ìlà méjì. Mi ò fara mọ́ kíkọ 985 gẹ́gẹ́ bí iye ọjà. Ẹ ò ta ọjà 985.

Bákan náà ni owó tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó káàdì máa ń kó wá ní ìdìpọ̀. Oníbàárà púpọ̀ ló ra ọjà 48,000 lápapọ̀, wọ́n bu 720, 47,280 ló wọ báńkì lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ń wá 48,000 nínú sítétímẹ́ǹtì á wá a kú. Ẹ ní àkáǹtì kan láàárín: ọjà tí wọ́n fi káàdì san á wọ ibẹ̀ ní odindi, owó tó wọ báńkì á jáde níbẹ̀, 720 á jáde níbẹ̀ lọ sí ìnáwó. Tó bá ku nǹkan síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ mọ̀ pé wọ́n jẹ yín nìyẹn, tàbí pé oníbàárà kan ti gba owó rẹ̀ padà.

* * *

Ní ti owó tó jáde tó tún padà wá torí pé kò dé ibi tó ń lọ: ẹ kọ méjèèjì. Mo mọ àwọn tó máa ń pa ìlà méjèèjì rẹ́ pé wọ́n ti fagi lé ara wọn. Tó bá jáde lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù tó padà lọ́jọ́ kìíní oṣù tuntun ńkọ́? Ìwọlé-jáde oṣù méjèèjì ni kò ní bá ti báńkì mu. Owó iṣẹ́ tí wọ́n bù sì lè má bá a padà.

Ọjọ́ méjì ló sábà máa ń wà lára ìlà kan, ọjọ́ tí báńkì kọ ọ́ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ tiyín ní ti èlé. Ti àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi bá báńkì ṣírò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà lórí èyí láti àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà méjèèjì pè, ó ní òun lòun san 75,000 náà, kí wọ́n pa gbèsè òun rẹ́.

Ẹ má sọ ohunkóhun fún un nípa owó náà. Òun ni kó sọ fún yín. Ẹ bi í: ọjọ́ wo, aago mélòó, àkáǹtì orúkọ ta ni owó náà ti jáde, kí ni wọ́n kọ sí i, kí ni nọ́ńbà ìtọ́kasí rẹ̀? Ẹni tó bá san án á rí gbogbo rẹ̀ lórí rìsíìtì. Ẹni tí kò san án á ní kẹ́ ẹ rán òun létí. Bí ẹ bá ti ka orúkọ tó wà lára owó náà sí i létí lórí fóònù, ẹ ti fún un ní ìdáhùn nìyẹn, kò sí ìbéèrè tó kù tẹ́ ẹ lè bi í. Ẹ pe ẹnì kejì náà, kẹ́ ẹ bi í bákan náà, kódà tí ti àkọ́kọ́ bá dà bíi pé ó bára mu.

Tó bá wá jẹ́ àjèjì kan ló pè, tó ní òun ṣì í fi ránṣẹ́ ni, kẹ́ ẹ dá a padà sí nọ́ńbà àkáǹtì kan báyìí, ẹ má dá kọ́bọ̀ padà. Ọgbọ́n olè kan wà níbẹ̀: owó tó kọ́kọ́ wọlé lè jẹ́ owó tí wọ́n jí lórí àkáǹtì ẹlòmíràn, báńkì á fà á padà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà, èyí tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín rán á ti lọ. Kó lọ bá báńkì tiẹ̀, kí báńkì tiẹ̀ kọ̀wé sí báńkì tiyín, kí owó náà sì gba ọ̀nà tó bá wọlé jáde.

* * *

Àwọn tó ní kí á fi ẹ̀rọ ṣe gbogbo rẹ̀: mo wà lẹ́yìn yín títí dé ibì kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ so èyí tí nọ́ńbà ìtọ́kasí àti iye rẹ̀ bára mu. Èyí tó jẹ́ iye nìkan ló bára mu, kó dá a lábàá, kí èèyàn fọwọ́ sí i. Mo ti rí ẹ̀rọ tó ń fi inú dídùn so owó mọ́ ínfọ́ìsì ẹni tí kò san, ó sì ṣòroó tú ju èyí tí wọn ò so lọ, torí ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti fàmì sí pé ó bára mu, kò sẹ́ni tó ń padà lọ wò ó.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí owó tó wọlé. Tí báńkì yín bá lè fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ tí gbogbo wọn ń ṣàn wọ àkáǹtì kan, ẹ gbà á, àríyànjiyàn orúkọ parí. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ tẹ nọ́ńbà ìtọ́kasí sórí ínfọ́ìsì, kó kúrú, kó sì wà níwájú àlàyé tó kù, torí ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gé e. Ìlànà kan tiẹ̀ wà, ISO 11649, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RF, nọ́ńbà àyẹ̀wò méjì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí kò ju 21 lọ. Ìṣirò 97 tí wọ́n fi ń yẹ IBAN (nọ́ńbà àkáǹtì àgbáyé) wò náà ni wọ́n fi ń yẹ ẹ́ wò, nítorí náà bí oníbàárà bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ẹ̀rọ tó bá mọ̀ ọ́n lè kọ̀ ọ́ kí owó tó kúrò.

* * *

Ìbéèrè tó kù: títí dìgbà wo ni owó náà lè wà ní suspense? Òfin orílẹ̀-èdè kálukú ló máa sọ ìyẹn, ẹ bi ọ́dítọ̀ yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe èrè. Gbèsè ni, ẹ jẹ ẹnì kan tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ jáde nílé iṣẹ́ yín kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú àkáǹtì yẹn, torí owó tí kò ní olówó rọrùn láti sọ nù.

Ẹ má tíì dúró de oníbàárà kankan. Ẹ kọ̀wé sí báńkì yín lónìí pé kí wọ́n bá yín béèrè lọ́wọ́ báńkì tó fi owó ránṣẹ́. Kí ọjọ́ wà níbẹ̀, iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì yín àti nọ́ńbà ìtọ́kasí, kẹ́ ẹ sì da ìlà sítétímẹ́ǹtì náà kọ sí i ní odindi láti inú fáìlì, kì í ṣe láti orí áàpù.